Ẹ Bi Í Léèrè Kí Ẹ Tó Bá A Wí

Ẹ̀kọ́ fún àwọn òbí, àwọn olùkọ́ àti àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ ọ̀dọ́, lórí orin àti ìṣe àwọn ọ̀dọ́langba ìwòyí

Ibi kíkà: Luku 2, ẹsẹ 41 títí dé 52

Ẹ̀yin ará, àti ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi,

Nínú ìpàdé àwọn olùkọ́ tí a ṣe ní agbègbè wa láìpẹ́ yìí, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó gba gbogbo àkókò wa. Kò sí ẹni tí ó dìde tí kò sọ ti àwọn ọmọ ìwòyí: irun wọn, ṣòkòtò wọn, ijó wọn, fóònù tí kì í kúrò lọ́wọ́ wọn, àti ju gbogbo rẹ̀ lọ, orin wọn. Àgbà kan ní òun kò mọ ibi tí ayé ń lọ mọ́. Òmíràn ní kí a kó gbogbo fóònù wọn jọ, kí a sì dáná sun wọ́n. A fi àdúrà parí ìpàdé náà, olúkúlùkù sì padà sí ilé rẹ̀ pẹ̀lú ìbẹ̀rù tí ó gbé wá.

Bí mo ti ń rìn bọ̀ wá sí Erio ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo ṣàkíyèsí ohun kan. Nínú gbogbo wa, kò sí ẹnìkan tí ó sọ pé òun ti jókòó ti ọmọ kan rí, tí òun sì bi í léèrè ohun tí ó ń gbọ́ nínú orin náà. Èmi pẹ̀lú dákẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ó sì yẹ kí n sọ̀rọ̀, nítorí mo mọ ohun tí àìbéèrè ti ná mi. Ohun náà ni mo fẹ́ fi ṣe ẹ̀kọ́ oṣù yìí.

I. Àṣìṣe tí èmi tìkára mi ṣe

Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, ọ̀dọ́mọkùnrin olórin kan kú ní Èkó. Ilérí-Olúwa Ọládiméjì Alóbá ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n MohBad ni àwọn ọ̀dọ́ ń pè é. Ẹni ọdún 27 ni. Wọ́n sin ín ní ọjọ́ kejì. Ṣùgbọ́n ariwo pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí a fi tún hú òkú náà jáde ní ọjọ́ 21 oṣù náà láti ṣe àyẹ̀wò rẹ̀. Ní Èkó àti ní ìlú mìíràn, àwọn ọ̀dọ́ rìn ní ìgboro pẹ̀lú àbẹ́là lọ́wọ́ wọn. Ọ̀ràn ikú rẹ̀ kì í ṣe tiwa láti dá, n kò sì ní fọwọ́ kàn án níhìn-ín. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú kíláàsì mi ni mo fẹ́ sọ.

Ní Ọjọ́ Ìsinmi tí ó tẹ̀lé ikú náà, ọmọkùnrin kan tí ó jẹ́ ẹni ọdún 15 dìde ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni, kì í sábà sọ̀rọ̀. Ó ní: "Tíṣà, ẹ jọ̀wọ́ sà, ǹjẹ́ a lè gbàdúrà fún àwọn òbí MohBad?" Mo dá a lóhùn kíákíá pé: "Orin ayé ni ọkùnrin náà ń kọ títí ó fi kú. Kí ni èyí kan ilé Ọlọ́run?" Àwọn ọmọ yòókù bú sẹ́rìn-ín. Mo sì mú kí ó dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ títí kíláàsì fi parí, kí ó lè jẹ́ ẹ̀kọ́ fún àwọn ẹlòmíràn. Mo rò pé mo ti gbèjà ìgbàgbọ́. Bẹ́ẹ̀ ni, láti sọ òtítọ́, n kò tíì gbọ́ orin olórin náà rí, kódà ẹyọ kan.

Ọmọ náà wá ní Ọjọ́ Ìsinmi méjì sí i, ó ń jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ní ẹlẹ́ẹ̀kẹta, a kò rí i mọ́. Nígbà tí ọdún Kérésìmesì kù sí dẹ̀dẹ̀, ìyá rẹ̀, tí ń yan gàrí tà, tọ̀ mí wá. Ó kúnlẹ̀, ó ní: "Tíṣà, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ ọmọ yín. Kì í bá mi sọ̀rọ̀ mọ́, oúnjẹ pàápàá kò wù ú jẹ."

Mo lọ sí ilé wọn lẹ́ẹ̀mejì. "Bẹ́ẹ̀ ni, sà" àti "Rárá, sà" ni gbogbo ohun tí mo gbà lẹ́nu rẹ̀. Ní ìgbà kẹta, a jókòó sí abẹ́ àtíbàbà tí ìyá rẹ̀ ti ń yan gàrí, mo sì bi í ní ohun tí ó yẹ kí n ti bi í láti oṣù kẹsàn-án. Mo ní: "Kí ni ó dùn ọ́ nínú ikú ọkùnrin yẹn?" Ó dákẹ́ pẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní: "Ó ké síta nígbà ayé rẹ̀, sà. Gbogbo wa rí i lórí fóònù. Ìgbà tí ó kú tán ni gbogbo ènìyàn ń sunkún. Mo wá ń rò ó pé bí ó bá jẹ́ èmi ni mo ké, ta ni yóò gbọ́?"

Nígbà náà ni ọ̀rọ̀ tú jáde. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta tí ó dàgbà jù ú lọ, tí wọ́n ń fi íntánẹ́ẹ̀tì lu ènìyàn ní jìbìtì, ti fún un ní fóònù láti ìgbà ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ. Wọ́n wá ń sọ pé gbèsè ni ó jẹ àwọn, àti pé kí ó wá máa gbé lọ́dọ̀ àwọn kí ó lè fi iṣẹ́ san án. Ó fẹ́ sọ ọ́ fún mi ní Ọjọ́ Ìsinmi náà gan-an lẹ́yìn àdúrà. Àdúrà tí ó béèrè ni ó fẹ́ fi ṣí ọ̀nà ọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin ará, ọjọ́ tí ọmọ náà kan ilẹ̀kùn ni mo tì í mọ́ ọn lójú. A dá fóònù náà padà fún àwọn tí ó ni ín, èmi àti àwọn ẹbí rẹ̀ ni a jọ lọ. Ìyá rẹ̀ sì rán an lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n òun ní Àkúrẹ́, níbi tí ó ti ń bá ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ. Ó máa ń kí mi ní ọjọ́ ọdún. Ṣùgbọ́n kò wọ kíláàsì mi mọ́ láti ìgbà náà wá, n kò sì lè dá a lẹ́bi.

II. Ìbẹ̀rù yìí kò bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa

Bí a bá wo ìtàn ìjọ ní ilẹ̀ Yorùbá, a ó rí i pé ìlù pàápàá ti jẹ́ ohun ìbẹ̀rù. Nígbà tí ìgbàgbọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ọ̀pọ̀ nínú àwọn baba wa kò fẹ́ gbọ́ ìlù nínú ilé Ọlọ́run, nítorí wọ́n ní ti òrìṣà ni. Orin tí a túmọ̀ láti inú èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń kọ, ohùn Gẹ̀ẹ́sì náà ni wọ́n sì fi ń kọ ọ́, bí ó tilẹ̀ ń lọ́ ọ̀rọ̀ wa po. Èdè olóhùn ni èdè wa; bí ohùn bá gòkè níbi tí kò yẹ, "ọkọ" a di "ọkọ́". Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta, tí a bí ní 1855 tí ó sì kú ní 1930, wà lára àwọn tí ó mú ohùn Yorùbá wọ inú orin ìjọ, a sì gba orin rẹ̀ sínú àwo gíramafóònù nígbà ayé rẹ̀. Lónìí, ìjọ wo ni ó lè ṣe ìkórè láìsí ìlù?

Ẹ jẹ́ kí a súnmọ́ ilé. Gbogbo wa mọ orúkọ I. K. Dairo, ẹni tí ó dá ẹgbẹ́ onílù rẹ̀ sílẹ̀ ní 1957, tí ó sì mú dùùrù tí a ń fà lọ fà bọ̀ wọ inú orin jùjú. Baba bàbá mi a máa sọ pé ọmọ tí ó bá ń tẹ̀lé onílù jùjú yóò di ọ̀lẹ. Ṣùgbọ́n bàbá mi jẹ́wọ́ fún wa nígbà tí ó di arúgbó pé òun a máa fo fèrèsé lóru láti lọ gbọ́ orin Dairo lórí gíramafóònù aládùúgbò. Ní 1963, Ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi oyè MBE dá olórin náà lọ́lá. Ní ọjọ́ 7 oṣù kejì ọdún 1996 ni ó jáde láyé ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, tí kò jìnnà sí wa níhìn-ín. Lónìí, bí a bá ń sin àgbàlagbà ní Aramọkọ tàbí ní Ìjerò, tí ẹnìkan bá gbé orin Dairo sí i, ta ni yóò sọ pé orin àwọn ọmọ tí ó bàjẹ́ ni?

Ó wá kan èmi. Ní 1989 ni Shina Peters gbé àwo orin rẹ̀ tí ń jẹ́ "Ace" jáde, gbogbo ọ̀dọ́ ilẹ̀ wa sì ń jó o. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, èmi tí mo jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá rí kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ yá, mo sì fi í pamọ́ sábẹ́ ẹní. Bàbá mi, ẹni kan náà tí ó fo fèrèsé nítorí Dairo, rí i, ó sì jù ú sínú ṣáláńgá. Ṣé mo ṣíwọ́ láti máa gbọ́ orin náà? Rárá o. Ilé ìtajà ẹni tí ń lẹ táyà ni mo ti ń lọ gbọ́ ọ, níbẹ̀ ni mo sì ti kọ́kọ́ fi ẹnu kan sìgá. Ohun tí bàbá mi bẹ̀rù nínú kásẹ́ẹ̀tì kò sí nínú rẹ̀. Ibi tí ó lé mi lọ ni mo ti bá a pàdé.

Ẹ kíyèsí i bí ó ti rí. Ìran kọ̀ọ̀kan a máa gbàgbé fèrèsé tí òun fò. Ìdí nìyí tí ó fi dàbí ẹni pé ọmọ tiwa nìkan ni ó burú.

III. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìbẹ̀rù ni asán

Bí a bá dúró síbẹ̀, ìdajì òtítọ́ ni a sọ. Ewu wà, kò sì yẹ kí a pa á mọ́. Ìwádìí tí Ìjọba Nàìjíríà àti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé jọ ṣe, tí a gbé jáde ní 2019, fi hàn pé ènìyàn bí mílíọ̀nù 14.3, nínú àwọn tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 15 sí 64, ni ó lo oògùn olóró láàárín ọdún kan, láìka ọtí àti tábà mọ́ ọn. Ìyẹn ni pé nínú ènìyàn méje, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹnìkan. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2018, ìjọba fi òfin de ṣíṣe àti kíkó wọlé omi oògùn ikọ́ tí ó ní kodéìnì nínú, nítorí àwọn ọ̀dọ́ ń mu ún bí ẹni mu ọtí. Orin wà tí ń yin irú nǹkan báwọ̀nyí, òmíràn sì ń yin owó tí a kò ṣiṣẹ́ fún. Ẹni tí ó bá sọ pé kò sí irú orin bẹ́ẹ̀ kò ṣòótọ́ sí àwọn ọmọ náà.

Ìbéèrè wa kì í ṣe bóyá ewu wà, bí kò ṣe bí a ó ti dojú kọ ọ́. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2017, NBC, àjọ tí ń ṣe àbójútó rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, dá àwọn orin kan dúró pé a kò gbọdọ̀ gbé wọn sáfẹ́fẹ́. Lára wọn ni "Wo" tí Olamide kọ àti "Living Things" tí 9ice kọ. Èmi kò sọ pé àjọ náà ṣe ohun tí kò tọ́. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò: rédíò ni òfin náà mú, kò mú fóònù. Ọmọ tí kò gbọ́ orin náà lórí rédíò ní àárọ̀ lè gbọ́ ọ ní ìgbà ogún lórí fóònù kí ilẹ̀ tó ṣú, láìsí àgbà kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tí rédíò kan ṣoṣo wà nínú iyàrá àlejò, ohun tí ọmọ ń gbọ́ ni bàbá rẹ̀ ń gbọ́. Nísinsìnyí, olúkúlùkù ni ó ní rédíò tirẹ̀ ní etí.

Ó sì yẹ kí a mọ bí ẹ̀rọ yìí ti ń ṣiṣẹ́. Lórí TikTok, ọmọ kò nílò láti wá nǹkan kí ó tó rí i. Ẹ̀rọ náà ń ka ibi tí ojú rẹ̀ pẹ́ sí. Bí ó bá dúró wo ijó, ijó ni yóò tún gbé wá. Bí ó bá dúró wo ẹni tí ń fọ́nnu pẹ̀lú owó, irú rẹ̀ mẹ́wàá yóò tẹ̀lé e. Nítorí náà, ọmọ méjì lè jókòó lórí àga kan náà, kí ohun tí ọ̀kan ń wò má sì jọ ti èkejì rárá. Àwọn tí ó ni ẹ̀rọ náà tìkára wọn sọ pé ọmọ tí kò bá tíì pé ọdún 13 kò gbọdọ̀ ní ojú ewé tirẹ̀ níbẹ̀. Mélòó nínú wa ni ó mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí a tó ra fóònù fún ọmọ ọdún mẹ́wàá?

IV. Ohun tí ibi kíkà wa kọ́ wa

Ẹ jẹ́ kí a wo Josẹfu àti Maria. Ọmọ wọn jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá. Wọ́n rò pé ó wà láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní ọ̀nà. Wọ́n rin ìrìn ọjọ́ kan kí wọ́n tó mọ̀ pé kò sí níbẹ̀. Ìbẹ̀rù wọn kì í ṣe kékeré. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí ohun mẹ́ta.

Èkínní, wọ́n padà lọ wá a. Wọn kò jókòó sílé kí wọ́n máa ráhùn nípa àwọn ọmọ ìgbà náà.

Èkejì, nígbà tí wọ́n rí i, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ó ti ẹnu ìyá rẹ̀ jáde, ìbéèrè ni. Kò fi ìbànújẹ́ rẹ̀ pamọ́, ó sọ ọ́. Síbẹ̀ ó kọ́kọ́ béèrè ìdí.

Ẹ̀kẹta, ìdáhùn ọmọ náà kò yé wọn. Ìyá rẹ̀ kò torí èyí gbá a létí. Ó pa ọ̀rọ̀ náà mọ́ sínú ọkàn rẹ̀. Ọmọ náà sì bá wọn padà sílé, ó sì ń tẹríba fún wọn. Ìbéèrè kò sọ òbí di yẹpẹrẹ lójú ọmọ.

V. Bí a ó ti ṣe é nílé àti ní kíláàsì

Mo kọ ohun wọ̀nyí sílẹ̀ láti inú ohun tí mo ti ń gbìyànjú láti ọdún 2024 wá. Wọn kò pé, ṣùgbọ́n wọ́n sàn ju ohun tí mo ń ṣe tẹ́lẹ̀ lọ.

1. Ẹ jọ gbọ́ ọ. Ẹ sọ fún ọmọ náà pé kí ó yan orin kan tí ó fẹ́ràn, kí ẹ sì gbọ́ ọ dé òpin láìdá a dúró. Ẹ ó rí ohun tí ẹ kò retí. Ìgbà tí mo ṣe bẹ́ẹ̀ ni mo kọ́kọ́ gbọ́ orin Asake, ọmọkùnrin tí ó kẹ́kọ̀ọ́ eré orí ìtàgé ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. Mo gbọ́ ohùn fújì nínú rẹ̀, mo gbọ́ egbè tí ó dà bí ti ẹgbẹ́ akọrin, mo sì gbọ́ Yorùbá púpọ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, ó kọrin ní gbọ̀ngàn O2 ní Lọ́ńdọ̀nù, èyí tí ń gba bí 20,000 ènìyàn, gbọ̀ngàn náà sì kún. Èdè tí àwa olùkọ́ ń na àwọn ọmọ lẹ́gba nítorí rẹ̀ ní ọgbà ilé-ìwé ni ó fi kọ ọ́. Ó yẹ kí èyí mú wa rẹ ara wa sílẹ̀ díẹ̀.

2. Ẹ ya orin kúrò lára ìwà. Ohùn orin, irun àti ijó ni ojú wa máa ń kọ́kọ́ rí, nítorí wọ́n ṣàjèjì sí wa. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣàjèjì yàtọ̀ sí ohun tí ó burú. Ẹ fi ìbéèrè mẹ́ta wọ̀nyí sẹ́ orin náà, kí ọmọ tìkára rẹ̀ sì dáhùn: Kí ni orin yìí ń yìn? Ta ni yóò jìyà ohun tí ó ń yìn? Bí àbúrò rẹ bá lọ ṣe bẹ́ẹ̀, ǹjẹ́ inú rẹ yóò dùn? Ẹnu ya mí sí bí àwọn ọmọ ti le ju mi lọ nínú ìdájọ́ wọn nígbà tí a fún wọn láàyè láti ṣe é. Àwọn tìkára wọn ni ó sọ fún mi pé orin kan dùn létí ṣùgbọ́n pé irọ́ ni ó ń pa.

3. Ẹ jẹ́wọ́ fèrèsé tiyín. Mo sọ ìtàn kásẹ́ẹ̀tì àti sìgá fún kíláàsì mi. Mo rò pé ọ̀wọ̀ mi yóò dínkù. Ní ọ̀sẹ̀ náà, ọmọ méjì wá bá mi nílé pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí wọn kò lè sọ fún ẹlòmíràn.

4. Ẹ fi òfin lélẹ̀, kí ẹ sì pa á mọ́ pẹ̀lú wọn. Nínú ilé mi, gbogbo fóònù ni à ń kó sórí tábìlì kan ní agogo mẹ́sàn-án alẹ́, tèmi pẹ̀lú. Ọmọ lè ráhùn sí òfin tí ó de òun nìkan, ṣùgbọ́n kí ni yóò sọ sí èyí tí ó de bàbá rẹ̀?

5. Bí ó bá yẹ kí a bá a wí, kí ó jẹ́ ní ìkọ̀kọ̀. Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, kí a fi ọ̀tún fà á mọ́ra. Ẹ̀rín àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó lé ọmọ ọdún 15 yẹn jáde ju ọ̀rọ̀ mi lọ, èmi ni mo sì fà á.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Orin wo ni àwọn òbí rẹ kọ̀ fún ọ láti gbọ́ nígbà èwe rẹ? Níbo ni o ti lọ gbọ́ ọ?

2. Dárúkọ orin kan tí o ti bá ọmọ wí nítorí rẹ̀. Ǹjẹ́ o ti gbọ́ ọ dé òpin rí?

3. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín ohun tí ó ṣàjèjì sí wa àti ohun tí ó burú? Mú àpẹẹrẹ méjì wá.

4. Bí ọmọ kan nínú kíláàsì rẹ bá wà nínú ewu lónìí, ọ̀rọ̀ wo ni ó ṣeé ṣe kí ó fi bẹ̀rẹ̀? Ǹjẹ́ ìwọ yóò mọ̀ pé òun ni ó ń kan ilẹ̀kùn?

Iṣẹ́ ṣíṣe: kí olúkúlùkù olùkọ́ jókòó pẹ̀lú ọmọ kan ṣoṣo kí oṣù yìí tó parí, kí ó bi í ní ìbéèrè kan, kí ó sì dákẹ́ gbọ́ ìdáhùn rẹ̀. Ní ìpàdé wa tí ń bọ̀, ohun tí a gbọ́ lẹ́nu àwọn ọmọ ni kí a kọ́kọ́ sọ, kí a tó sọ ti ìbẹ̀rù wa.

Èmi ni, ẹlẹgbẹ́ yín nínú iṣẹ́ kan náà,
Tíṣà Ìjọ, Erio-Èkìtì